Java fún áàpù ńlá orí wẹ́ẹ̀bù: àwọn ìbéèrè tó máa ń jẹyọ àti ìdáhùn wọn

Ẹni tó ti mọ Java níwọ̀nba la kọ èyí fún: ó mọ class, ó mọ interface, ó lè fi List àti Map ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé iṣẹ́ áàpù tí èrò rẹpẹtẹ yóò máa lò lé e lọ́wọ́ ni. Kì í ṣe gbogbo ìbéèrè ló gba àlàyé gígùn. Èyí tó bá gbà á, a ó tú u palẹ̀.

Kí ni wọ́n ń pè ní "enterprise Java" gan-an?

Áàpù tí owó, àkọsílẹ̀ tàbí iṣẹ́ ojoojúmọ́ ilé-iṣẹ́ kan gbára lé ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò ó lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń bá dátábéèsì àti àwọn sáfà mìíràn sọ̀rọ̀, àkọsílẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ bàjẹ́ bí iná bá kú nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Ọdún 1995 ni Sun Microsystems gbé Java jáde. Ní ìparí 1999, wọ́n kó àwọn ìlànà tó jẹ mọ́ irú áàpù yìí jọ, wọ́n pè é ní J2EE. Ó di Java EE ní 2006, ó tún di Jakarta EE ní 2018. Nítorí náà, bí ẹ bá rí orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú ìwé iṣẹ́ kan ṣoṣo, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Kí ló dé tí import kan fi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú javax, tí òmíràn sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú jakarta?

Ọ̀rọ̀ àṣẹ orúkọ ló fà á. Oracle ra Sun ní 2010. Ní 2017, Oracle kéde pé òun yóò gbé Java EE fún Eclipse Foundation, àjọ tó ń bójú tó kóòdù tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n orúkọ "Java" kò bá a lọ, Eclipse kò sì lè máa fi ohun tuntun kún àwọn package tó ń jẹ́ javax. Jakarta EE 9, tó jáde ní òpin 2020, ló wá pa orúkọ wọn dà sí jakarta.

Tomcat ni sáfà tó ń gbé áàpù Java sórí wẹ́ẹ̀bù. Tomcat 9 ń gbọ́ javax. Láti Tomcat 10 lọ sókè, jakarta nìkan ni wọ́n gbọ́. Bákan náà ni Spring, ohun-èlò tí ọ̀pọ̀ fi ń kọ irú áàpù yìí, àti Spring Boot tó ń mú un rọrùn: Spring Boot 2 ń lo javax. Spring Boot 3, tó jáde ní oṣù kọkànlá 2022, ń lo jakarta, kò sì ní ṣiṣẹ́ lórí Java tó bá rẹlẹ̀ ju 17 lọ. Bí ẹ bá gbé láíbírì àtijọ́ kan sínú áàpù tuntun tí sáfà wá pariwo `NoClassDefFoundError: javax/servlet/Filter`, ẹ má wulẹ̀ yẹ kóòdù yín wò. Láíbírì yẹn ni kò tíì bá yín kọjá odò. Ẹ wá ẹ̀dà rẹ̀ tuntun.

Ohun kan rèé tó máa ń mú àwọn tó ń kánjú: kì í ṣe gbogbo javax ló yí padà. `javax.sql` àti `javax.crypto` wà nínú Java fúnra rẹ̀, wọn kò sí lára ohun tí wọ́n gbé fún Eclipse. Ẹni tó bá fi ẹ̀rọ wá gbogbo "javax", tó sì fi "jakarta" rọ́pò rẹ̀ láìwẹ̀yìn, yóò ba ohun tí kò bàjẹ́ jẹ́. OpenRewrite, irinṣẹ́ tó ń bá ènìyàn tún kóòdù kọ, mọ èyí tó yẹ kó fọwọ́ kàn, ẹ jẹ́ kó bá yín ṣe é.

Ṣé ó ṣì yẹ kí n kọ́ servlet, nígbà tí Spring wà?

Ó yẹ dáadáa. Servlet ni class Java tó ń gba request, ìyẹn ohun tí ẹni tó ń lo áàpù béèrè láti orí wẹ́ẹ̀bù, tó sì ń dá èsì padà. Spring MVC tí ẹ ń lò, servlet kan ṣoṣo ni lábẹ́lẹ̀. DispatcherServlet lorúkọ rẹ̀, òun ló ń gba request gbogbo tó sì ń pín in fún àwọn controller yín.

Bí request bá dé, Tomcat á yan thread kan, ìyẹn òṣìṣẹ́ kan nínú áàpù, fún un. Igba (200) ni thread tó pọ̀ jù tí Tomcat máa lò bí ẹ kò bá yí i padà. Thread yẹn ni yóò gbé request náà dé òpin. Àwọn thread pọ̀, ṣùgbọ́n object servlet kan náà ni gbogbo wọn ń pín lò. Bákan náà ni controller àti service rí nínú Spring: ẹyọ kan péré ni Spring máa ń dá, àfi bí ẹ bá sọ pé kó ṣe é bí mìíràn. Ẹ wo èyí:

```java
@Service
public class OrderService {
    private Customer current;

    public Receipt pay(Customer c, Cart cart) {
        this.current = c;
        charge(cart.total());
        return new Receipt(current.getName(), cart.total());
    }
}
```

Oníbàárà àkọ́kọ́ wọlé, kóòdù fi í sínú `current`. Kí `charge` tó parí, oníbàárà kejì ti dé, ó sì ti bo ti àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀. Nígbà tí rìsíìtì ẹni àkọ́kọ́ bá jáde, orúkọ ẹlòmíràn ló máa wà lórí rẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà yín, èyí kò ní ṣẹlẹ̀, torí ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́. Ìgbà tí èrò bá pọ̀ ló máa yọjú, bí ẹ bá sì ń wá a, yóò sá pamọ́. Ohun tó bá jẹ́ ti oníbàárà kan, ẹ má fi í sínú field. Ẹ máa gbé e láti method dé method gẹ́gẹ́ bí parameter.

Spring Boot ni kí n lò, àbí Jakarta EE?

Bí ẹ bá ń bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀, Spring Boot. Mi ò rò pé ó yẹ kí èyí gba ìpàdé.

Ìtàn rẹ̀ ni pé EJB, ìlànà tí wọ́n fi ń kọ iṣẹ́ inú áàpù láyé J2EE, wúwo jù: kí ẹ tó kọ method kan, ẹ máa kọ interface méjì àti XML gígùn. Rod Johnson, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ Spring, ta kò ó ní 2002, Spring 1.0 sì jáde ní 2004 láti fi hàn pé object lásán lè ṣe iṣẹ́ náà. Ní 2014 ni Spring Boot dé, ó gbé Tomcat sínú jar fúnra rẹ̀, tí `java -jar` fi tó láti gbé áàpù dìde. Àwọn ará Jakarta EE náà ti kọ́gbọ́n, ìlànà wọn ti fúyẹ́ púpọ̀, Spring gan-an sì ń lo Servlet àti JPA (ìlànà fún fífi object bá dátábéèsì ṣiṣẹ́) tí í ṣe tiwọn. Bí ilé-iṣẹ́ yín bá ti wà lórí sáfà Jakarta EE bíi WildFly tàbí Open Liberty, tó sì ń ṣiṣẹ́, kò sí ìdí láti tú u palẹ̀.

Quarkus àti Micronaut, tí wọ́n jẹ́ irú ohun-èlò kan náà bíi Spring Boot, dára níbi tí áàpù bá ti gbọ́dọ̀ dìde kíá, torí pé ìgbà tí ẹ bá ń compile ni wọ́n ti ń ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí Spring ń ṣe nígbà tó bá ń dìde.

Ṣé kí n máa kọ @Autowired sórí field?

Rárá. Àmì yẹn ń sọ fún Spring pé kó fi object tí class nílò sínú field fúnra rẹ̀. Ẹ gba gbogbo ohun tí class nílò láti inú constructor. Field á lè jẹ́ final, ẹ á sì lè dán class náà wò láìgbé Spring dìde.

Maven tàbí Gradle?

Irinṣẹ́ build ni méjèèjì: wọ́n ń kó láíbírì jọ, wọ́n sì ń sọ kóòdù di áàpù. Maven ni kí ẹ mú, àfi bí ìdí pàtàkì bá wà. `pom.xml` gùn, kò sì rẹwà, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ṣí i á mọ ohun tó wà níbẹ̀. Gradle yára jù ú lọ lórí iṣẹ́ ńlá, àmọ́ ó gba yín láàyè láti kọ kóòdù sínú build, àwọn kan sì máa ń sọ àyè yẹn di igbó. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ mọ àṣẹ tó ń fi igi dependency, ìyẹn gbogbo láíbírì tí áàpù gbára lé, hàn. Ti Maven ni `mvn dependency:tree`. Ẹ ó rí i pé láíbírì mẹ́wàá tí ẹ béèrè fún ti kó ọgọ́rùn-ún mìíràn dání.

Ojú-ìwé mi ń fà bí ìgbín, bẹ́ẹ̀ dátábéèsì kò tóbi. Kí ló ń ṣẹlẹ̀?

Nígbà púpọ̀, Hibernate, láíbírì tó ń sọ ìlà inú dátábéèsì di object, ló ń kọ query (ìbéèrè sí dátábéèsì) tí ẹ kò mọ̀ pé ó ń kọ. Gavin King ló bẹ̀rẹ̀ Hibernate ní 2001, JPA tó dé ní 2006 sì jọ ọ́ gan-an. Ìrọ̀rùn rẹ̀ ni pé ẹ lè máa lo object bíi pé kò sí dátábéèsì rárá. Ibẹ̀ náà ni ewu rẹ̀ wà. Ẹ wò ó:

```java
List<Order> orders = orderRepository.findAll();
for (Order o : orders) {
    System.out.println(o.getCustomer().getName());
}
```

Ìlà mẹ́ta péré, kò sì sí SQL níbẹ̀. Ẹ wá fi `logging.level.org.hibernate.SQL=debug` sínú `application.properties`, kí ẹ tún un ṣe. Ohun tó máa jáde nínú log ni:

```
select ... from orders
select ... from customer where id=?
select ... from customer where id=?
select ... from customer where id=?
```

Yóò máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Query kan kó àwọn order wá, lẹ́yìn náà query kan fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan. Bí order bá jẹ́ 500 tí oníbàárà wọn yàtọ̀ síra, query 501 lẹ rán sí dátábéèsì. Ká ní milliseconds méjì ni ìkọ̀ọ̀kan gbà ní àlọ àti àbọ̀, ìṣẹ́jú-àáyá kan ti lọ kí ẹ tó ṣe iṣẹ́ kankan. Lórí kọ̀ǹpútà yín, order márùn-ún ló wà nínú dátábéèsì ìdánwò, ìdí nìyẹn tí kò fi hàn. N+1 ni wọ́n ń pe àrùn yìí.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń sáré yí LAZY (ìgbà tí ẹ bá pe oníbàárà ni kó tó wá a) sí EAGER (kó wá a lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀). Kò wò ó sàn. `findAll` ń gba JPQL, èdè query ti JPA, kọjá, Hibernate á kọ́kọ́ kó order, lẹ́yìn náà á tún máa wá oníbàárà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kàn yára ṣe é ni, kódà níbi tí ẹ kò ti nílò oníbàárà. Ohun tó ń wò ó sàn ni kí ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ nínú query fúnra rẹ̀:

```java
@Query("select o from Order o join fetch o.customer")
List<Order> findAllWithCustomer();
```

`@EntityGraph` náà ń ṣe iṣẹ́ yìí. Bó bá jẹ́ orúkọ àti iye owó nìkan lẹ fẹ́ fi hàn, ẹ má kó odidi object wá rárá, ẹ lo projection, ìyẹn kí ẹ kó kìkì àwọn column tí ẹ fẹ́. Ẹ ṣọ́ra tó bá jẹ́ List, bíi àwọn ọjà inú order kan, lẹ fẹ́ join fetch, tí ẹ tún fẹ́ pín èsì sí ojú-ìwé: Hibernate á kó gbogbo rẹ̀ wá sínú memory, ibẹ̀ ni yóò ti gé e. Ó máa ń kọ ìkìlọ̀ sínú log, ṣùgbọ́n ta ló ń kà á?

Bí mo bá ní àṣẹ, kò sẹ́ni tí màá gba kóòdù rẹ̀ wọlé láìjẹ́ pé ó ti wo SQL tí kóòdù náà bí.

Mo fi @Transactional sí i, síbẹ̀ kò ṣe rollback. Kí ló dé?

Transaction ni iṣẹ́ dátábéèsì tó gbọ́dọ̀ wọlé lódindi (commit) tàbí kó padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ (rollback). Ó ní ọ̀nà mẹ́ta tí rollback sábà máa ń gbà kùnà, ibì kan náà sì ni wọ́n ti wá. Spring kì í fọwọ́ kan kóòdù yín. Object mìíràn ló dá, proxy, tó gbé e síwájú tiyín bí akọ̀wé tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ̀gá. Ẹni tó bá gba ọ̀dọ̀ akọ̀wé kọjá ni akọ̀wé mọ̀ nípa rẹ̀.

Ọ̀nà kìíní: method kan nínú class pe method mìíràn nínú class kan náà, èyí tó ní `@Transactional` lórí. Inú yàrá ni ìpè náà ti wá, proxy kò rí i, transaction kò bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé method kejì lọ sínú class mìíràn.

Ọ̀nà kejì ló burú jù lójú tèmi:

```java
@Transactional
public void transfer(Account from, Account to, BigDecimal amt)
        throws IOException {
    from.debit(amt);
    auditFile.write(from, to, amt);
    to.credit(amt);
}
```

Ká ní `auditFile.write` ju IOException. Ojú ẹni á máa wo rollback. Ṣùgbọ́n RuntimeException àti Error nìkan ni Spring máa ń ṣe rollback fún bí ẹ kò bá sọ ohun mìíràn. IOException kò sí lára wọn. Transaction á commit: owó ti kúrò nínú àkáǹtì kan, kò sì dé èkejì. Ẹ kọ `@Transactional(rollbackFor = Exception.class)`, tàbí kí ẹ fi RuntimeException wé àṣìṣe náà.

Ọ̀nà kẹta kò ṣòro láti mọ̀: ẹ ti fi catch mú àṣìṣe náà nínú method, ẹ kọ ọ́ sínú log, ẹ sì ń bá tiyín lọ. Proxy kò gbọ́ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀.

Log ń sọ pé "Connection is not available, request timed out after 30000ms". Ṣé kí n fi kún pool?

Ẹ dúró ná. Pool ni àkójọ connection dátábéèsì tí gbogbo request ń pín lò. HikariCP ni Spring Boot fi ń tọ́jú rẹ̀ láti ẹ̀dà 2.0, connection mẹ́wàá ló sì ń fún yín bí ẹ kò bá yí i padà. Mẹ́wàá kò kéré tó bí ojú ṣe ń wò ó, torí pé query tó bá dára kì í gbà ju milliseconds díẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá tán, ẹnì kan ló di wọ́n mú. Ẹ wá method tó ní `@Transactional`, tó tún ń fi HTTP pe sáfà mìíràn nínú rẹ̀. Bí sáfà yẹn bá gba ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ kó tó dáhùn, connection yín yóò jókòó fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ láìṣe nǹkan kan. Ẹ yọ ìpè yẹn kúrò nínú transaction.

Ẹ sì fi `spring.jpa.open-in-view=false` sínú `application.properties`, kí connection má bàa wà lọ́wọ́ request kan títí yóò fi parí. True ni Spring Boot fi í sí, ó sì ń kìlọ̀ nípa rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá ń dìde.

Virtual thread tó dé pẹ̀lú Java 21 ńkọ́?

Thread fífúyẹ́ tí Java fúnra rẹ̀ ń ṣàkóso ni. Ó dára fún áàpù tó ń lo àkókò púpọ̀ láti dúró de ẹlòmíràn. Láti Spring Boot 3.2, `spring.threads.virtual.enabled=true` ti tó. Kì í mú kóòdù yára. Ó kàn jẹ́ kí ọ̀pọ̀ request lè dúró papọ̀ láìjẹ memory ni. Connection dátábéèsì yín sì ṣì jẹ́ mẹ́wàá, nítorí náà ẹgbẹ̀rún thread lè wá tò sẹ́nu ọ̀nà kan náà. Títí dé Java 23, virtual thread tó bá dúró nínú `synchronized` máa ń di thread gidi tó gbé e mú. Java 24 ló tú èyí sílẹ̀.

Ààbò ńkọ́? Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ má fi àmì `+` so ọ̀rọ̀ tí ènìyàn tẹ̀ mọ́ SQL, PreparedStatement ni kí ẹ lò. JPA ń ṣe é fún yín bí ẹ bá lo parameter. Ẹ fi BCrypt, tó ń yí ọ̀rọ̀ padà kí ẹnikẹ́ni má lè kà á, tọ́jú ọ̀rọ̀ ìwọlé. Ẹ lo Spring Security, ẹ má dá tiyín kọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, láíbírì ló kù, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti máa ń wọlé jù lọ lójú tèmi. Ní oṣù kẹta 2017, Apache gbé àtúnṣe jáde fún ihò kan nínú Struts, láíbírì Java fún áàpù wẹ́ẹ̀bù. Equifax, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè àwọn ènìyàn, kò fi àtúnṣe náà sórí gbogbo sáfà rẹ̀. Láti oṣù karùn-ún ni àwọn olè ti gba ibẹ̀ wọlé, àkọsílẹ̀ nǹkan bíi mílíọ̀nù 147 ènìyàn ló sì bọ́ sọ́wọ́ wọn. Ní oṣù kejìlá 2021 ni Log4Shell dé, ihò kan nínú Log4j, láíbírì tó ń kọ log: ẹni tó bá lè mú kí Log4j kọ ọ̀rọ̀ kan tí òun fúnra rẹ̀ tẹ̀ sínú log lè gba sáfà náà. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kò mọ̀ pé àwọn ń lo Log4j rárá, torí láíbírì mìíràn ló gbé e wọlé. Ẹ jẹ́ kí OWASP Dependency-Check tàbí Dependabot máa ṣọ́ igi dependency yín.

Ṣé ó burú láti jẹ́ kí Hibernate máa dá tábìlì fúnra rẹ̀?

Lórí kọ̀ǹpútà yín, kò burú. Lórí sáfà gidi, `ddl-auto=update`, ètò tó ń jẹ́ kí Hibernate máa tún tábìlì ṣe, kò mọ ìyàtọ̀ láàárín column tí ẹ yí orúkọ rẹ̀ padà àti column tuntun. Flyway tàbí Liquibase ni kí ẹ lò, kí àtúnṣe kọ̀ọ̀kan jẹ́ fáìlì tó wà nínú Git.

Báwo ni kí n ṣe dán iṣẹ́ mi wò?

JUnit àti Mockito fún ọgbọ́n inú kóòdù. Fún ohun tó bá kan dátábéèsì, ẹ jẹ́ kí Testcontainers gbé PostgreSQL gidi dìde nínú Docker. H2, dátábéèsì kékeré tí ọ̀pọ̀ fi ń ṣe ìdánwò, yára, ṣùgbọ́n kì í ṣe dátábéèsì tí ẹ máa lò, ohun tó bá sì gbà lè jẹ́ ohun tí PostgreSQL máa kọ̀.

Ṣé kí n pín áàpù mi sí microservice, ìyẹn áàpù kéékèèké tó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí network?

Bí ẹgbẹ́ yín kò bá ju ènìyàn mẹ́fà lọ, rárá. Ẹ pín in sí package tó mọ́ra nínú áàpù kan ṣoṣo. Ìpè method kì í sọnù lójú ọ̀nà, ti orí network máa ń sọnù.

Java wo ni kí n fi sórí sáfà, ṣé mo gbọ́dọ̀ sanwó?

Ẹ mú èyí tí wọ́n ń tọ́jú fún ọdún púpọ̀: 17, 21 tàbí 25. Eclipse Temurin àti Amazon Corretto jẹ́ Java ọ̀fẹ́. Bí ẹ bá ń fi í sínú container, ẹ rántí pé ìdá kan nínú mẹ́rin memory ni Java máa ń mú fún heap, ibi tí àwọn object ń gbé, bí ẹ kò bá sọ nǹkan kan. `-XX:MaxRAMPercentage` ló ń yí i padà. Ẹ fi `-XX:+HeapDumpOnOutOfMemoryError` kún un.

Áàpù ti dákẹ́ lórí sáfà, kò dáhùn, kò sì kú. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ẹ má tíì tún un gbé dìde, ẹ̀rí á sọnù. Ẹ tẹ `jcmd <pid> Thread.print` (pid ni nọ́ńbà tí sáfà fún áàpù náà), ẹ fi èsì rẹ̀ sínú fáìlì, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, ẹ tún un ṣe, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà kí ẹ wo ibi tí àwọn thread tó ń jẹ́ `http-nio-8080-exec` wà. Bí ọ̀pọ̀ wọn bá wà nínú `HikariPool.getConnection`, connection ló tán, ẹ wá ẹni tó dì í mú. Bí wọ́n bá ń ka socket nínú HTTP client, sáfà ẹlòmíràn ni wọ́n ń dúró dè, ẹ kò sì fún client yín ní timeout. Bí wọ́n bá wà ní RUNNABLE nínú method yín kan náà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí CPU sì kún, method yẹn ni. Ìgbà yẹn lẹ wá lè tún áàpù gbé dìde.